Ríìlì Tó Ń Jọ̀wọ́ Okùn

Kí ríìlì ajọ̀wọ́-okùn tó gbòde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀ mú káàpù ní láti yan ọ̀kan nínú ìyà méjì. Yálà kó ṣí apá wáyà ríìlì rẹ̀ sílẹ̀, kí okùn máa tú jáde bó ṣe wù ú nígbà tí ẹja bá gbé ìdẹ, tàbí kó ti gbogbo rẹ̀ pa, kó má sì gbójú kúrò lára ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, nítorí káàpù tó bá wọn ogún pọ́n-ùn lè fa ọ̀pá náà wọ omi kí ẹni tó ni ín tó dìde lórí àga. Mo jẹ nínú ìyà méjèèjì. Àwọn ọdún 1980 ni mò ń sọ, nígbà tí mò ń ránṣọ ní Dalston, ní London, tí ọjọ́ Àìkú nìkan jẹ́ tèmi.

Kì í ṣe ilé ni mo ti gbé ìfẹ́ ìwọ̀ wá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Odò Ògùn kò jìnnà sí wa, a sì máa ń fi ọparun àti okùn mú ẹja wẹ́wẹ́ nígbà èwe, ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni, ìyá mi kò sì fẹ́ gbọ́ ọ rárá nítorí ẹ̀rù omi. Ẹni tó dá mi padà sídìí rẹ̀ ni bàbá ará Jàmáíkà kan tí wọ́n ń gé aṣọ ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ tí a jọ wà, ní òpópónà kan tó yà kúrò lára Kingsland Road. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, tí ọ̀gá bá ti sanwó iṣẹ́, wọ́n á ká téèpù wọn, wọ́n á gbọn ẹfun ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ṣòkòtò, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ọ̀la ń kọ́?" Mo ti mọ̀ pé Walthamstow ni wọ́n ń wí, níbi tí àwọn adágún ilé iṣẹ́ omi London wà, tí èèyàn á sanwó ọjọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, á sì jókòó ti omi títí tí wọ́n á fi lé e jáde nírọ̀lẹ́.

Òfin wọn le nígbà náà. Láìní láìsénsì, o ò gbọdọ̀ ju ìwọ̀ sómi. Àní bí o bá ní in, láti ọjọ́ 15 oṣù Ẹrẹ́nà títí di ọjọ́ 15 oṣù Òkúdu, omi ti di èèwọ̀ fún wa, nítorí ìgbà náà ni ẹja ń yé. Ọjọ́ 16 oṣù Òkúdu ni ọdún àwọn apẹja. Àwọn mìíràn á ti tẹ́ àga sétídò láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á se tíì, wọ́n á sì máa wo ọwọ́ aago títí òru á fi pín sí méjì.

Ríìlì Bàbá, Mitchell 300 ni. Ó dúdú, ó sì nípọn, wọ́n ṣe é ní Cluses, ìlú kan lágbègbè òkè Alps nílẹ̀ Faransé. Tèmi jẹ́ ABU Cardinal àlòkù láti Sweden, tí mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kó lọ sí Kánádà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a bá pàdé létí omi, ọ̀kan nínú méjèèjì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dáa. Bàbá ló sọ fún mi pé oníṣòwò irun àgùntàn kan ní Bradford, Alfred Illingworth, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ríìlì yìí ní 1905. Bọ́bìn rẹ̀ kì í yí nígbà tí o bá ju òjé. Okùn á kàn máa fò kúrò létí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òwú ṣe ń fò kúrò lára bọ́bìn nínú ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Kìkì ìgbà tí ẹja bá fà á ju agbára búrẹ́kì lọ ni bọ́bìn tó máa yí. Aránṣọ ni mí, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ mí lára. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi lọ́jọ́ Ajé, mo ń wo bọ́bìn bí ẹni pé n kò rí i rí.

Bàbá mọ ìtàn púpọ̀, pàápàá ti káàpù. Wọ́n ti dé London kí ọdún 1960 tó pé, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ lọ wò ni ọgbà ẹranko tó wà ní Regent's Park, torí káàpù tí apẹja kan, Richard Walker, mú ní adágún Redmire Pool ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1952. Ìwọ̀n pọ́n-ùn 44 ni ẹja náà, òun ni káàpù tó tóbi jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì fi ìwọ̀ mú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di ìgbà náà, láàyè sì ni wọ́n gbé e lọ sí ọgbà ẹranko, níbi tó ti gbé títí di 1971. Bàbá ní àwọn dúró níwájú gíláàsì rẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ro àwọn. "Kò wo ojú ẹnikẹ́ni," ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bó ti wù kí ríìlì dáa tó nígbà náà, àléébù kan ló wà lára gbogbo wọn: kò sí ohunkóhun láàrin ṣíṣí àti títì. Àléébù yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára títí àwọn apẹja fi yí ìwọ̀ padà. Láyé àtijọ́, inú ìdẹ ni ìwọ̀ máa ń wà, inú ọ̀dùnkún tàbí búrẹ́dì. Káàpù gbọ́n, á fa ìdẹ sẹ́nu, á tọ́ ọ wò, bí ó bá fura, á tu ú jáde. Tó bá gbà á, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni yóò gbé e lọ, okùn á sì máa tẹ̀lé e láti orí ríìlì tó ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1970, Lenny Middleton àti Kevin Maddocks ronú ọgbọ́n mìíràn: kí ìwọ̀ wà ní ìhòòhò, kí ìdẹ wá máa fì lábẹ́ rẹ̀ lórí okùn tín-ín-rín bí irun. Ẹja á fa ìdẹ mu, ìwọ̀ á bá a wọlé, nígbà tó bá sì fẹ́ tu ìdẹ jáde, ìwọ̀ á ti gún un létè. Maddocks tẹ ìwé rẹ̀, Carp Fever, jáde ní 1981, kò sì pẹ́ tí gbogbo ayé fi mọ ọgbọ́n náà. Wọ́n so òjé tó wúwo mọ́ ọn, kí ẹja lè gún ara rẹ̀ dáadáa. Káàpù tí ìwọ̀ bá gún báyìí kì í gbé ìdẹ lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ mọ́. Á fò sókè láti ìsàlẹ̀ omi, á sì sá.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ṣí ríìlì rẹ̀ sílẹ̀ á rí i tí okùn ń da kúrò lórí bọ́bìn ní òkìtì òkìtì. Afẹ́fẹ́ á gbé ìyókù, á fi wé ọwọ́ ríìlì, á fi wé ẹsẹ̀ ọ̀pá, nígbà tí o bá sì fẹ́ ti apá wáyà pa, ó ti di kóko tí àbẹ́ nìkan lè tú. Èyí tó ti tirẹ̀ pa, kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan wá rò pé àwọn gbọ́n jù: wọ́n yọ ìkẹ́ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ ríìlì yí sẹ́yìn, kí ọwọ́ ríìlì lè máa yí sẹ́yìn fúnra rẹ̀ bí ẹja bá ti ń fa okùn lọ. Ní òru kan, ní adágún kan ní àfonífojì odò Lea, níbi tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ títí tó fi di omi jíjìn, ọkùnrin kan wà ní ibùjókòó kejì sí wa tó lo ọgbọ́n yìí. Mo gbọ́ tí ọwọ́ ríìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí, fìrìrì, bí ó sì ti nawọ́ sí i nínú òkùnkùn, ó gbá a níka. Èébú tó jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń sùn ní erékùṣù àárín omi gbọ́ ọ.

Lóru yẹn kan náà, bébà fàdákà inú páálí sìgá ni mo ká sórí okùn mi, láàrin ríìlì àti òrùka àkọ́kọ́, kí n lè rí i bó bá mì. Àwọn tó lówó ní Optonic, ẹ̀rọ tó ń han gooro nígbà tí okùn bá rìn lórí kẹ̀kẹ́ kékeré inú rẹ̀. Bàbá kò ní, èmi náà kò ní. Ojú wa ni Optonic wa, ojú wa sì pọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdajì kejì àwọn ọdún 1980 ni Shimano gbé ríìlì ajọ̀wọ́-okùn wọn, Baitrunner, jáde. Ilé iṣẹ́ Jàpáánì ni Shimano, ní ìlú Sakai nítòsí Osaka. Firíwíìlì kẹ̀kẹ́ ni iṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1921, ìyẹn ohun tó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ sinmi lórí pẹ́dà nígbà tí táyà ṣì ń yí lọ. Ó yẹ kí n ti fura pé irú wọn ló máa ronú kan ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára ríìlì. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ìtàn wọn nígbà náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́sàn-án Sátidé kan, mo wọ ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìpẹja kan ní ìhà àríwá London láti ra òjé, mo sì bá èrò lórí káńtà.

Oníṣọ́ọ̀bù ti de ríìlì náà mọ́ ọ̀pá. Ó dúdú, ó sì tóbi ju èyí tí ojú wa ti mọ́ lọ. Lẹ́yìn ìdí rẹ̀, ọmọ irin kékeré kan yọ sókè, bí ìka ọwọ́ ọmọdé ló ṣe gùn mọ. Ó tẹ̀ ẹ́, ó dún kí. Ó na okùn sí mi, ó ní kí n fà. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ fà á. Bọ́bìn ń yí, ó ń dún tí-tí-tí-tí lábẹ́ ọwọ́ mi, okùn sì ń bọ̀ ní dídọ́gba, kò fì, kò já. Ó ní kí n má dúró. Bí mo ti ń fà á lọ, ó fi ìka kan ṣoṣo ti ọwọ́ ríìlì síwájú. Kápá! Ọmọ irin ẹ̀yìn fò padà sí àyè rẹ̀, okùn sì di lójijì débi pé ó gé mi níka díẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Búrẹ́kì méjì ló ní. Búrẹ́kì ńlá ni a fi ń bá ẹja jà, òun náà ló wà lára gbogbo ríìlì. Búrẹ́kì kékeré ni tuntun. Nígbà tí o bá gbé ọmọ irin sókè, bọ́bìn á kúrò lọ́wọ́ búrẹ́kì ńlá, á bọ́ sọ́wọ́ kékeré, òrùka kan lẹ́yìn ríìlì ni o sì máa fi wọn bó ṣe máa le tó. Ẹja fẹ́ sá? Kó máa sá. Okùn á máa lọ, ṣùgbọ́n kò ní dà nù, torí búrẹ́kì kékeré ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ti mú ọ̀pá, tí o yí ọwọ́ ríìlì díẹ̀, búrẹ́kì ńlá ti gba iṣẹ́.

Tẹ́ńṣàn ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo rí. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ rí mọ àwo irin kékeré méjì tí òwú máa ń gba àárín wọn kọjá, àti nọ́ọ̀tì kékeré tó ń tẹ̀ wọ́n pọ̀. Tó bá le jù, òwú á já, aṣọ á sì hunjọ; tó bá dẹ̀ jù, òwú á pọ̀ sábẹ́ aṣọ ní jàgbàjàgbà. Iṣẹ́ aránṣọ kò sí ní dídì tàbí títú. Àárín rẹ̀ ló wà, ní ibi kan tí ìka nìkan mọ̀, tí ó sì ń yí padà bí aṣọ bá ti yí padà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ń sọ pé ríìlì náà ti sọ okùn di òmìnira, mo mọ̀ pé wọn kò tíì yé e. Okùn tó lómìnira ni èyí tó ń fi wé ẹsẹ̀ ọ̀pá.

Bàbá kò rà á. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ronú fún èèyàn, ọ̀lẹ ló ń sọ ọ́ dà. Mo gbà pé agídí ni, mo sì tún gbà pé Mitchell wọn mú ẹja ju ríìlì ọ̀pọ̀ ẹni lọ.

Èmi fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò yá ara rà á. Ọ̀kan ṣoṣo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ààbọ̀ owó ọ̀sẹ̀ mi, méjì ni mo sì nílò. Kí n tó rí owó náà kó jọ, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ti ń ṣe irú tiwọn, àwọn kan dáa, àwọn kan dà bíi pé ẹni tó ṣe wọ́n kò rí ẹja rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ráàyè ni mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lọ dán wọn wò, títí oníṣọ́ọ̀bù fi ń bi mí bóyá mo fẹ́ wá gba iṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn tó ń tajà fẹ́ràn láti máa ka béárìn: mẹ́ta rèé, mẹ́fà rèé. Mi ò rí ìgbà tí iye béárìn sọ nǹkan gidi kan fún mi. Ohun tí mo ń wá kò ju bí búrẹ́kì kékeré ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Mo máa dẹ òrùka ẹ̀yìn títí dé òpin, mo máa gbé ọmọ irin sókè, mo máa wá fa okùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Èyí tí kò dáa á kọ́kọ́ dúró gbọin, lẹ́yìn náà ló máa wá jọ̀wọ́ lójijì, á yí kọjá ibi tó yẹ. Ìdúró kékeré yẹn ló ń fa ọ̀pá wọ omi. Èyí tó dáa kò ní jẹ́ kí o mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mo máa yí òrùka náà ní ìwọ̀nba, mo máa fà. Mo tún yí i, mo tún fà. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń fo láti ibi tó dẹ̀ bọ́ sí ibi tó le láìsí àárín, bẹ́ẹ̀ àárín náà ni mò ń sanwó fún.

Ohun kejì ni bó ṣe ń padà. Bí mo bá yí ọwọ́ ríìlì tí ó ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po tán kí búrẹ́kì ńlá tó gbá a mú, mo máa gbé e sílẹ̀, torí láàrin ìgbà náà okùn ti dẹ̀, ìwọ̀ sì lè bọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé búrẹ́kì ńlá fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì ju kékeré lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n ń polongo. Ajọ̀wọ́-okùn kì í bá ẹja jà. Ó kàn ń ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ìyókù, bí i ti apá wáyà tó ní sípíríǹgì tó lágbára, etí bọ́bìn tó dán tí èékánná kò kọ́ lára rẹ̀, àti bọ́bìn kejì nínú páálí, ojú lásán ni a fi ń rí wọn.

Káàpù àti bábẹ́lì, ẹja odò, kò béèrè ohun kan náà, ibẹ̀ ni orí mi ti kọ́kọ́ dàrú. Fún káàpù adágún, orí ìdúró ni ọ̀pá máa ń wà, ìwọ̀n ríìlì kò sì dun ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. O fẹ́ bọ́bìn tó fẹ̀, tó gba okùn ọ̀rá tó lágbára pọ́n-ùn méjìlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́pọ̀lọpọ̀, kí òjé lè fò jìnnà. Fún bábẹ́lì, ẹsẹ̀ rẹ lò ń lò. Wàá rìn láti ìtẹ̀ odò dé ìtẹ̀ odò, wàá di ọ̀pá mú fún wákàtí púpọ̀, kì í sì í sí ìdí láti ju ìwọ̀ jìnnà. Ríìlì adágún á ti mú kí ọrùn ọwọ́ máa ro ọ́ kó tó di ọ̀sán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra ńlá, torí ńlá lè ṣe iṣẹ́ kékeré. Mo ra àárín, mo sì fi odò ṣe ìwọ̀n mi. Adágún máa ń dárí ji ríìlì tó kéré díẹ̀. Odò kì í dárí ji èyí tó wúwo.

Ọdún 1990 ni mo gbé méjèèjì délé. Ìyàwó mi ṣí páálí, ó wo ríìlì, ó wo rìsíìtì. "Bàbá Ìbejì, ẹja wo lẹ fẹ́ fi èyí mú tí kò sí ní ọjà Ridley Road?" Mo ní bábẹ́lì ni. Ó ní ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́. Mo dákẹ́.

Odò Kennet ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ. Odò tó ti ìhà Marlborough wá ni, tó ń ṣàn gba Newbury lọ bá Thames ní Reading. Láti Paddington, ọkọ̀ ojú irin á gbé ọ dé Aldermaston, ibi tí odò wà kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀. Bábẹ́lì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, torí kí òkun tó ya ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára Yúróòpù, ọ̀nà kan náà ni Thames àti Rhine ń ṣàn gbà lọ. Èèyàn ló gbé káàpù wá. Kò sẹ́ni tó gbé bábẹ́lì wá sí Kennet. Àní láti Kennet ni wọ́n ti kó o lọ sí odò Severn ní 1956, ó sì ti bí sí i níbẹ̀ lọ súà.

Mo mú ẹ̀gbọ́n kan dání lọ́jọ́ kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tí bàbá wọn ń fi àwọ̀n pẹja lórí ọ̀sà. Wọ́n fẹ́ rí ohun tí mo ń ná owó lé. Mo ti se èso hemp láti alẹ́ títí tó fi la ẹnu, ìyẹn mọ̀lẹ́bí igbó tí àwọn ọlọ́pàá ń torí rẹ̀ lé èèyàn kiri. Mo dà á sí ojú omi, mo wá gé ẹran inú agolo ní igun mẹ́rin, mo fi kọ́ ìwọ̀. Ẹ̀gbọ́n wo ẹran náà. "Àbúrò, ohun tí ẹja ń jẹ nílùú yìí dáa ju tèmi lọ."

Lórí odò, búrẹ́kì kékeré ní iṣẹ́ kan tí kò ní ní adágún. Ìṣàn omi ń ti okùn láìdúró, ewé àti koríko ń gbá mọ́ ọn, bí o bá dẹ̀ ẹ́ jù, omi fúnra rẹ̀ á máa fa okùn lọ. Mo jókòó, mo dẹ òrùka títí ríìlì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún tí, tí, tí, mo wá ń yí i padà ní irun orí kan, irun orí kan, títí ó fi dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní, "Omi ló ń fà á yẹn, kì í ṣe ẹja." Mo ní, "Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo kàn ń jẹ́ kí omi mọ ibi tí agbára rẹ̀ pin ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀n tí omi kò lè fà, tí ẹja lè fà láìjanpata, ibẹ̀ ni mo fi í sí, mo sì ní láti tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí koríko bá pọ̀ lórí okùn.

Bábẹ́lì kì í kanlẹ̀kùn. Orí ọ̀pá mì lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ dé omi, ríìlì sì ké. Ẹ̀gbọ́n fò dìde, wọ́n da tíì sára ṣòkòtò. Mo mú ọ̀pá, mo yí ọwọ́ ríìlì, kápá, mo wá mọ irú ẹni tí mo ń bá fà á. Bábẹ́lì kò tóbi tó káàpù, ṣùgbọ́n inú ìṣàn ló ń gbé, ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, apá rẹ̀ gbòòrò, á fi wọ́n tẹ ara rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ odò, o ò sì ní mọ̀ bóyá ẹja lo dì mú tàbí òkúta. Nígbà tó dé inú àwọ̀n, ẹ̀gbọ́n tẹ̀ba láti wo irùngbọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu rẹ̀ àti àwọ̀ idẹ ara rẹ̀. Wọ́n ní ó jọ àrọ̀, ṣùgbọ́n ìpẹ́ ló fi yàtọ̀.

Ẹja yìí máa ń jà títí okun rẹ̀ á fi tán. Bí o bá kàn jù ú sínú omi, á dojú dé, á kú. O ní láti fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú nínú omi, kí o kọ orí rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, títí yóò fi mí dáadáa. Ohun tí mo ń ṣe nìyẹn nígbà tí mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n lókè orí mi.

"Kí lò ń wẹ̀ ẹ́ fún?"

"Mò ń jẹ́ kó sinmi ni, ẹ̀gbọ́n, kó tó máa lọ."

"Kó máa lọ síbo?"

Mo ní òfin ibẹ̀ ni, mo sì fi kún un pé ẹyin bábẹ́lì máa ń da inú rú fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ro ó fún ìgbà díẹ̀. "Mo gbọ́ ti ẹyin. Ẹran rẹ̀ ń kọ́?" Kí n tó dáhùn, ẹja ti gbọn ìrù, ó ti lọ. Láti Aldermaston dé Paddington, wọn kò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lọ.

Àríyànjiyàn kan wà tí àwọn apẹja bábẹ́lì kò tíì parí títí di òní: ṣé kí èèyàn lo ajọ̀wọ́-okùn níbi tí gbòǹgbò igi wà? Èmi kì í lò ó níbẹ̀. Ẹja tí ilé rẹ̀ wà ní ìwọ̀n apá méjì sí ibi tó ti jẹun kò nílò ju okùn apá méjì lọ. Ní irú ojú omi bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbé ọmọ irin sílẹ̀, mo máa ń fún búrẹ́kì ńlá pọ̀, mo sì máa ń di ọ̀pá mú lọ́wọ́ mi. Ríìlì kan náà ni, mo kàn ń lò ó gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe ń lo Mitchell wọn. Wọ́n ì bá yọ̀ mí bí wọ́n bá rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti padà sí Jàmáíkà nígbà náà, wọ́n sì gbé e dání lọ.

Nǹkan yí kíákíá lẹ́yìn èyí. Ní 1995, wọ́n gbé òfin oṣù mẹ́ta náà kúrò lórí ọ̀pọ̀ adágún, ó ku odò, adágún káàpù sì di òwò ńlá. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ríìlì gàgàrà tó ń ju ìwọ̀ dé ibi tí ojú kò tó. Lára ọ̀pọ̀ irú èyí, kò sí búrẹ́kì kékeré mọ́. Búrẹ́kì iwájú kan ṣoṣo ni, tí ó ń ti ibi dídẹ̀ dé ibi líle láàrin yíyí díẹ̀. Wọ́n ní ó yá ju ajọ̀wọ́-okùn lọ. Ó yá lóòótọ́. Àmọ́ o gbọ́dọ̀ rántí yí i, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ríìlì bá jí láàárín òru kì í rántí orúkọ ara rẹ̀. Lórí odò, ajọ̀wọ́-okùn ṣì ni mò ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, ti Shimano, ti Daiwa, ti Okuma láti Taiwan, owó àwọn mìíràn kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo san.

Àwọn tó bá ń bi mí léèrè èyí tó yẹ kí àwọn rà, mo máa ń ní kí wọ́n gbójú kúrò lára nọ́ńbà ara páálí, torí 4000 ilé iṣẹ́ kan lè tóbi ju 4000 ilé iṣẹ́ kejì lọ dáadáa. Tó bá jẹ́ àlòkù, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ bọ́bìn kúrò, kí wọ́n wò ó bóyá yanrìn wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi èékánná tọ etí rẹ̀ yí po. Kí wọ́n ṣí apá wáyà, kí wọ́n tì í pa ní ìgbà mẹ́wàá, torí sípíríǹgì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dẹ òrùka ẹ̀yìn dé òpin, kí wọ́n gbé ọmọ irin sókè, kí wọ́n sì fi ìka méjì fa okùn. Bí ẹni tó ń tà á bá ń yánnu pé ẹ̀ ń fi àkókò òun ṣòfò, ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, kí ẹ tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i.